Ẹ Bi Apẹja: Ẹja Pẹlẹbẹ, Òfin Texas àti Ọ̀sà Àjàṣẹ́

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀ gan-an. Ohun tó fà á ni ọ̀rọ̀ tí mo sọ lóṣù tó kọjá nípa ìgbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Galveston, ní Texas, tí èmi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń lọ fi ìwọ̀ pa flounder lópin ọ̀sẹ̀. Flounder ni ẹja pẹlẹbẹ tó ń sùn sí ìsàlẹ̀ omi, tí ojú rẹ̀ méjèèjì wà ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. A kì í pa á tà. Fàájì ni, àti ohun tí a ó jẹ lálẹ́. Mo mú lẹ́tà márùn-ún dáhùn, mo sì gé àwọn tó gùn kúrú.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé Houston, ọkọ rẹ̀ sì fẹ́ràn ìwọ̀ bí ẹ̀mí ara rẹ̀. Ó ní wọ́n ti ka flounder léèwọ̀ fún gbogbo èèyàn lóṣù kọkànlá, bẹ́ẹ̀ sì rèé, oṣù yẹn gan-an ni ẹja náà ń pọ̀ jù. Èyí kò yé mi. Ṣebí ìgbà tí nǹkan bá pọ̀ ló yẹ kéèyàn kó o?" (Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, Àjàṣẹ́)

Ọmọ mi, ìbéèrè yìí náà ni àwọn èèyàn ń bi ara wọn létí omi ní Texas, tìbínú-tìbínú. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ẹja yìí ṣe ń gbé, torí ibẹ̀ ni ìdáhùn wà.

Láti oṣù kẹta títí dé oṣù kẹsàn-án, inú ọ̀sà àti ẹnu odò ni flounder ń gbé. Ó fọ́n káàkiri inú ẹrẹ̀ àti iyanrìn, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Tó bá di oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá, atẹ́gùn tútù á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ láti àríwá, bí ọyẹ́ ṣe máa ń já lu àwa náà níbí, àmọ́ tiwọn tutù ju ọyẹ́ lọ fíìfíì. Bí omi ọ̀sà bá ti tutù, flounder á gbéra. Inú òkun lọ́hùn-ún, níbi tó jìn, ló ti ń yé ẹyin, kò sì sí ọ̀nà tó lè gbà débẹ̀ ju àwọn ẹnu tóóró tí ọ̀sà fi já sí òkun. Gbogbo ẹja tó ti fọ́n ká sínú ọ̀sà tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ á wá gba ẹnu kan náà kọjá láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ohun tí ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ rí tó fi ní ẹja pọ̀ nìyẹn. Ẹja kò pọ̀ sí i. Ó kóra jọ ni.

Ibi tí a sábà máa ń lọ nígbà náà ni Rollover Pass, ní Bolivar. Láti Galveston, a ó wọ ọkọ̀ ojú omi ńlá tó ń gbé mọ́tò sọdá; ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni kì í gbowó lọ́wọ́ rẹ. Ní 1955 ni wọ́n la ẹnu omi ọ̀hún láàárín ọ̀sà àti òkun. Lóṣù kọkànlá, àwọn èèyàn á tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì débi tí èjìká fi ń gbá èjìká: òyìnbó, aláwọ̀ dúdú, ará Vietnam, ará Mẹ́síkò, àwa náà. Okùn tèmi á lọ́ mọ́ tìrẹ, a ó bú ara wa díẹ̀, a ó tún rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe, àpótí yìnyín rẹ̀ á ti kún kí oòrùn tó kan àtàrí. Wọ́n ti dí ẹnu omi yẹn pa láàárín 2019 sí 2020, wọ́n ní ó ń jẹ́ kí iyanrìn etíkun máa ṣí lọ. Ó dùn mí. Mo ní ọ̀rẹ́ tó pọ̀ níbẹ̀.

Ohun kejì tó yẹ kó yé ọ ni èyí: akọ flounder tibẹ̀ kì í sábà gùn ju íǹṣì 12 lọ, ìyẹn nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30. Òfin ìgbà náà sì ní kí a dá èyíkéyìí tí kò bá tó íǹṣì 14 padà sómi. Rò ó wò. Akọ ń padà sómi, abo ló ń wọ inú àpótí yìnyín. Lóṣù kọkànlá, abo tó gbé ẹyin sínú ni, tó ń lọ yé e. Ẹni tó bá mú un lẹ́nu ọ̀nà yẹn ti mú òun àtàwọn ọmọ tí kò tíì bí.

Kí ọdún 2009 tó dé, ẹja 10 ni ẹnì kan lè mú lóòjọ́. Lọ́dún yẹn ni wọ́n sọ ọ́ di 5, wọ́n sì ní tó bá di oṣù kọkànlá, 2 péré ni, ìwọ̀ nìkan ni kí wọ́n sì fi mú un. Síbẹ̀, ẹja ṣì ń dín kù. Ní 2020, wọ́n gbé gígùn tó gbọ́dọ̀ tó kúrò ní íǹṣì 14 sí 15, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 38. Láti 2021 ni wọ́n wá ti ilẹ̀kùn pa pátápátá: láti ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá títí di ọjọ́ 14 oṣù kejìlá, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú flounder lọ sílé, ì báà jẹ́ ọ̀kan. Tó bá di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, wọ́n á ṣí i padà.

Apẹja fàájì nìkan kọ́ ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ o. Àwọn ọkọ̀ tó ń fi àwọ̀n wọ́ edé máa ń kó àwọn ọmọ flounder mọ́ edé, ọ̀pọ̀ nínú wọn á sì ti kú kí wọ́n tó dà wọ́n sómi. Ooru náà wà níbẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní North Carolina, tó jáde ní 2019, fi hàn pé bí omi bá gbóná jù nígbà tí ẹja yìí ṣì kéré, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó yẹ kó di abo ló ń di akọ. Omi tó bá kún fún akọ, ta ni yóò yé ẹyin níbẹ̀? Ní North Carolina yìí kan náà, nǹkan ti burú débi pé ní 2024, wọn kò ṣí àkókò flounder rárá fún àwọn tó ń fi ìwọ̀ ṣe fàájì.

Àwọn kan máa ń bi mí pé kí ló kan ẹni tó mú ọ̀pá kan ṣoṣo dání, nígbà tí àwọn alákòóbá wà lórí omi pẹ̀lú àwọ̀n ńlá. Ó kàn án. Bí èèyàn 1,000 bá dúró létí omi, tí kálukú mú 10, ẹja 10,000 ló lọ lọ́jọ́ kan yẹn, abo sì ni gbogbo wọn. Èmi fara mọ́ òfin náà tọkàntọkàn. Kí ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ fi oṣù kọkànlá pa ẹja mìíràn. Omi Texas kò ṣàìní in.

"Bàbá, a gbọ́ pé lóru ni wọ́n tún máa ń fi ọ̀kọ̀ gún ẹja yìí ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú iná lọ́wọ́. Àwa ará Kétu, ọdẹ ni wá, omi wa kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iná àti òru yé wa. Ẹ ròyìn rẹ̀ fún wa." (Ọdẹ kan, Kétu)

Àrìnpa o! Òótọ́ lẹ gbọ́. Nínú gbogbo ọ̀nà tí wọ́n ń gbà mú flounder, èyí ló yí padà jù.

Láyé àtijọ́, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń wọ omi, níbi tí kò ju orúnkún lọ. Àtùpà epo òyìnbó lọ́wọ́ kan, ọ̀pá tó ní irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó lọ́wọ́ kejì. Wọ́n á fi páálí irin bo ẹ̀yìn àtùpà náà kí iná má bàa pa ojú ẹni tó gbé e dání. Alẹ́ tí atẹ́gùn kò fẹ́ ni wọ́n ń yàn, torí bí ojú omi bá ti ń mì, ẹ kò ní rí ìsàlẹ̀ mọ́. Ẹ kò gbọdọ̀ gbé ẹsẹ̀ sókè. Ẹ ó máa fi wọ́ ilẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ ni, torí ẹja kan wà níbẹ̀ tí ìrù rẹ̀ ní ẹ̀gún olóró, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ilé ìwòsàn lẹ ó sùn.

Èyí tó ṣòro jù ni rírí i. Flounder máa ń gbọn iyanrìn bo ara rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ á sì yí padà bá ilẹ̀ tó sùn sí mu. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á kọjá lórí mẹ́ta kó tó rí ẹyọ kan. Ohun tí ojú ń wá ni etí ara rẹ̀, ìlà tó rí róbótó tó fẹ́ gùn, tí kò bá ìtẹ̀sí iyanrìn mu, lẹ́yìn náà ojú kéékèèké méjì tó yọ síta, tó ń wo iná. Àwọn àgbà ibẹ̀ kì í yára gún. Wọ́n á dúró, wọ́n á wo ibi tí orí wà, wọ́n á sún irin mọ́ ọn jẹ́jẹ́, wọ́n á wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn orí, wọ́n á sì ti ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀ kó má bàa jábọ́.

Lẹ́yìn àtùpà epo ni iná gáàsì dé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n gbé iná sórí ọkọ̀ pẹlẹbẹ tó ń lọ lórí omi tí kò jìn, pẹ̀lú ẹ̀rọ amúnáwá tó ń kùn ní gbogbo òru. Ní báyìí, iná LED ni, tó ń lo bátìrì, tí kì í pariwo, tó sì mọ́lẹ̀ débi pé ẹ ó máa ka ìkarahun nílẹ̀ omi. Ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ fi gbogbo òru rìn, ọkọ̀ ń gbà á kọjá láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ẹja tí ìwọ̀ mú, ẹ lè tú u sílẹ̀ kó máa lọ. Èyí tí irin ti gún kò ṣeé dá padà. Ẹni tó ń fi ọ̀kọ̀ pa á gbọ́dọ̀ fi ojú wọn gígùn rẹ̀ kó tó gún un, omi sì máa ń jẹ́ kí nǹkan tóbi lójú ju bó ṣe rí lọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí Texas bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù ní 2009, ọ̀kọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ yọ kúrò lóṣù kọkànlá. N kò kórìíra ọ̀kọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ tó lẹ́wà ni nígbà tí àtùpà ṣì ń ṣú, tí ẹsẹ̀ ṣì ń rẹ̀ ẹni. Àmọ́ iná tó ń fi gbogbo ilẹ̀ omi hàn kò fi ibì kankan sílẹ̀ fún ẹja láti sá sí mọ́, mo sì rò pé bí iná bá ti lágbára tó báyìí, ó yẹ kí iye tí wọ́n lè mú lóru kéré sí ti ọ̀sán.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹja ni mò ń tà ní Ouando. Ṣé sole tí a ń tà náà ni flounder? Ọmọ mi ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bí i, pẹ̀lú ojú méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èmi ní rárá, a fẹ́rẹ̀ẹ́ jà." (Ìyá ẹlẹ́ja, Ouando)

Ìyá wa, ẹ̀yin lẹ jàre. Nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa lára ẹyin, kò yàtọ̀ sí ẹja yòókù: ojú kan lọ́tùn-ún, ojú kan lósì, ó sì ń lúwẹ̀ẹ́ ní ìdúró. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ojú kan á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò ní ààyè rẹ̀, á gba orí kọjá sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹja náà á wá fi ẹ̀gbẹ́ tí kò lójú dùbúlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí abẹ́ rẹ̀ fi funfun, tí òkè rẹ̀ dúdú tàbí rẹ́súrẹ́sú. Flounder ti Texas, ẹ̀gbẹ́ òsì ni ojú ń wà. Èyí tó wà ní àríwá Amẹ́ríkà, lápá Boston àti New York, tí wọ́n ń pè ní winter flounder, ọ̀tún ni tirẹ̀. Òun náà ti dín kù gan-an. New York kò jẹ́ kí ẹnì kan mú ju 2 lọ lóòjọ́, láàárín oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún nìkan.

Ẹbí kan náà ni wọ́n, ẹja wọn kọ́ ni tiwa. Èyí tó gùn tóóró, tí ìrù rẹ̀ parí sí ṣóńṣó, tí ẹ̀yin ń tà lówó gidi fún àwọn ilé oúnjẹ Kútọnu, inú òkun ló ti ń wá jù, ọmọ rẹ̀ ló máa ń wọ ọ̀sà. Èkejì kéré, ó fẹ̀ díẹ̀, ara rẹ̀ tẹ́ tín-ín-rín, kì í sábà gùn ju ọwọ́ lọ. Òun là ń rí nínú ọ̀sà Nokoué àti nínú ọ̀sà wa níbí. Òun ló jọ flounder jù. Bí oníbàárà bá bèèrè, ẹ sọ fún wọn pé àbúrò rẹ̀ ni, ẹ má fi orúkọ flounder gbówó lérí.

"Ṣé a lè rí ẹja yìí nínú odò Ọ̀kpárá?" (Apẹja, Sábẹ̀ẹ́)

Rárá o. Àwọn tiwa kì í jìnnà sí ibi tí iyọ̀ òkun bá dé, Sábẹ̀ẹ́ sì ti jìn jù sókè. Ní Yúróòpù, irú kan wà, tí àwọn Faransé ń pè ní flet, tó máa ń gun odò lọ jìnnà sínú omi tí kò níyọ̀. Tiyín ni àrọ̀ àti ẹpìyà, ẹ sì ní àǹfààní tí àwa kò ní: àpáta. Ẹ ju ìwọ̀ yín sẹ́yìn àpáta níbi tí omi ti ń yí.

"Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo sì fẹ́ máa fi ìwọ̀ ṣeré ní ọ̀sà wa lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má da ara mi láàmú, ẹja pẹlẹbẹ ti tán. Ìgbà wo ni kí n lọ, kí ni kí n sì mú dání?" (Olùkọ́, Djassin)

Tíṣà, ẹ kú ìsinmi. Kò tíì tán. Ó ti kéré sí i ni, ẹ ó sì ní láti mọ ìgbà.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, láti oṣù kìíní sí oṣù kẹrin. Ẹnu omi tí àwọn Faransé là ní Kútọnu ní 1885 ló ń jẹ́ kí omi òkun wọ Nokoué, á wá gba ọ̀nà Totchè dé ọ̀dọ̀ wa. Bí omi bá ti níyọ̀ lára, ẹja pẹlẹbẹ á wọlé pẹ̀lú rẹ̀. Tó bá di oṣù kẹsàn-án sí ìkọkànlá, odò Wẹ̀mẹ̀ á kún, á fọ iyọ̀ náà jáde, ewé jacinthe á sì bo ojú omi. Ẹ má wulẹ̀ lọ nígbà yẹn.

Ìwọ̀ kékeré ni kí ẹ rà, tí ẹnu rẹ̀ mú. Ẹnu ẹja yìí kò tóbi. Òjé tó ní ihò láàárín, tí okùn lè máa yọ̀ gba inú rẹ̀, ló dáa jù. Edé tútù ni ìjẹ. Ẹ rà á lọ́wọ́ àwọn obìnrin etí omi ní òwúrọ̀, ẹ bó o, ẹ gé e kó má ju ìwọ̀ lọ. Ibi tí ilẹ̀ ti jẹ́ iyanrìn pẹ̀lú ẹrẹ̀ díẹ̀ lẹ ó jù ú sí, ẹ jìnnà sí àkájà, ìyẹn igi tí wọ́n gún sómi kí ẹja lè kóra jọ síbẹ̀, torí igi inú rẹ̀ á jẹ okùn yín, oko ẹlòmíràn sì ni. Ẹ jẹ́ kó balẹ̀. Ẹ fà á díẹ̀, ẹ dúró. Ẹ tún fà á, ẹ tún dúró. Ẹja yìí kì í lé nǹkan jìnnà, ohun tó bá kọjá níwájú rẹ̀ ló ń gbé. Tó bá gbé e, kò ní já okùn gbà lọ́wọ́ yín. Ọwọ́ á kàn wúwo ni, bíi pé ìwọ̀ kọ́ ewé. Ẹ má fà á lójijì. Ẹ ka ení dé ẹ̀ta, kí ẹ tó gbé ọ̀pá sókè jẹ́jẹ́.

Ohun tó ń dùn mí jù ní ọ̀sà wa ni àwọ̀n ẹ̀fọn. Mo ń rí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń wọ́ ọ létí omi, níbi tí kò ju itan lọ, níbẹ̀ gan-an ni àwọn ọmọ ẹja pẹlẹbẹ ń dàgbà sí. Ohun tí wọ́n ń kó jáde kò tó èékánná, wọ́n á sì dà á sórí iyanrìn nítorí kò ṣeé tà. Mo máa ń bá wọn sọ ọ́, tìfẹ́tìfẹ́, àwọn kan ti gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ níwèé, ọ̀rọ̀ yín á wọ̀ wọ́n létí ju tèmi lọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wọn sọ ọ́ tí ẹ bá débẹ̀.

Kò sí òṣìṣẹ́ tó máa dúró tì yín pẹ̀lú rúlà ní Djassin. Nítorí náà, ẹ fi ọ̀dà sàmì sí ara ọ̀pá yín. Èmi fi ọ̀dà pupa sàmì sí tèmi ní sẹ̀ǹtímítà 25, fún irú èyí tó gùn tóóró. Tí kò bá dé ibẹ̀, ó ń padà. Fún èyí tó kéré, mo ń wo ikùn rẹ̀: bí mo bá gbé e sí oòrùn tí mo rí ẹyin nínú rẹ̀, ó ń padà, bó ti wù kó tóbi tó. Ẹ fi omi tu ọwọ́ yín kí ẹ tó dì í mú, torí ọwọ́ gbígbẹ máa ń ká ohun yíyọ̀ tó bo ara rẹ̀ kúrò. Bó bá ti gbé ìwọ̀ mì dé ọ̀fun, ẹ má fà á. Ẹ gé okùn náà súnmọ́ ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì mú ìwọ̀ tó pọ̀ dání láti ilé.